Ọmọlangidi Inú Ọ̀rá àti Ìwé Ẹ̀rí Mùfútàù

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdí òfì, ẹ kú àbójútó ilé, ẹ sì kú ìfojúsọ́nà àwa ọmọ tí a wà lẹ́yìn odi. Èmi Rábíátù ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Òṣòdì níhìn-ín. Mo kí ìyá mi, tí mo mọ̀ pé wọ́n ti jókòó tì yín báyìí, tí wọ́n ń bi yín pé kí ni mo wí. Mo kí Bùọ̀dá Tíṣà tó ń bá yín ka ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá, ẹ má fo ibì kankan, títí kan ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti korò.

Ẹ ó ṣe kàyéfì pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí lẹ́tà mi, tí kì í ṣe èyí tí mo máa ń fi rán dírẹ́bà. Ẹ forí jì mí. Iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi lóṣù tó kọjá dé ọwọ́ mi. Ẹ ní kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí Mùfútàù àbúrò mi, tó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, pé bí mo bá ti fi ọwọ́ ọ̀tún nà án, kí n fi tòsì fà á mọ́ra. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé dòdò Ìkirè wá sílé mi, ó ní kí n ṣàánú ọmọ òun. Ẹ̀gbọ́n òmíràn dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì, ó ní òun mọ ẹni tó mọ ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí gbogbo yín yóò ti kà á.

Ara mi le, a dúpẹ́. Kúdírátù ọmọ mi ti wà ní kíláàsì kẹta. Bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Wàrí nídìí iṣẹ́ epo. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó wálé kẹ́yìn, àga rẹ̀ nídìí tábìlì ti di ibi tí mo ń kó aṣọ tí mo bá lọ̀ sí. Òjò ọdún yìí kò ṣe é fẹnu sọ. Láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, ẹrọ̀fọ̀ ni, àwọn tó ń la títì tuntun sì ti gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri. Bàtà rọ́bà ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ni mo tó ń pààrọ̀ sí bàtà funfun mi.

Ní ti owó, n kò ní purọ́ fún yín, owó wà. Wọ́n fi kún owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà níbí tó ń rí mi lára. Bí wọ́n bá ra nǹkan tuntun, wọn kì í bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ará ilé wa kan ra àga onítìmùtìmù, ó fi ọ̀rá sílẹ̀ lára gbogbo wọn kí wọ́n má baà dọ̀tí. Bí èèyàn bá jókòó sí i, òógùn á bò ó. Bó bá dìde, àga á fà á lẹ́yìn itan. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àga lásán ni, n kò mọ̀ pé yóò dé ibi iṣẹ́ mi.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo lọ kọ́ lókè òkun tó fi gbà mí lọ́dún mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá yé kò lè mọ ohun tó ń bí mi nínú. Nígbà mìíràn èèyàn á ṣubú, bóyá omi ló mu yó, bóyá iná mànàmáná ló gbé e. Èémí rẹ̀ á dúró, ọkàn rẹ̀ á dúró. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ní ó ti kú. Kò tíì kú tán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù tí ẹlòmíràn lè fi bá a mí, kó sì bá a ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Wọ́n á tẹ́ ẹ gbalaja sórí ilẹ̀ tó le. Wọ́n á gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí orí lọ sẹ́yìn, nítorí ahọ́n a máa dí ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n á fún un nímú pa, wọ́n á fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i títí àyà rẹ̀ yóò fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé egungun àárín àyà, ọwọ́ kan lórí èkejì, ìgbọ̀nwọ́ á nà gbọnrangandan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Àyà àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wọlé tó ínǹṣì kan ààbọ̀ sí méjì. Bí kò bá wọlé tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lọ síbì kankan. Títẹ̀ náà lè kán egungun ìhà. Egungun tó kán a máa jinná, òkú kì í jí.

A kò lè fi ẹni tó ń mí kọ́ èyí, nítorí àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọmọlangidi kan tó tóbi tó èèyàn. Rọ́bà ni ara rẹ̀, ó ní orí, ó ní ẹnu àti ọ̀fun, wọ́n sì fi irin onísípíríǹgì sínú àyà rẹ̀ kó le bí àyà èèyàn. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ tó, yóò dún kẹ́. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní fọhùn. Ọwọ́ ló ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe orí. Ẹni tó ka ìwé rẹ̀ ní àkàtúnkà tí kò tíì gbọ́ kẹ́ yẹn rí, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìjọba fi owó epo ra ọmọlangidi mẹ́rin fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìsọlọ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa dúró ti òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bí ewu bá dé. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn dé, mo jó. Ọ̀gá wa, ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn, tó jẹ́ pé fáìlì ni iṣẹ́ rẹ̀, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ ọ̀rá ara wọn. Ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń gbé ọ̀kan jáde fún wa, tòun ti ọ̀rá rẹ̀, yóò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó yá aládùúgbò ní agbòòrùn. Bí ó bá gbọ́ kẹ́, yóò sáré wọlé, yóò ní Sístà, ẹ kìlọ̀ fún wọn o, ohun ìjọba ni, bó bá kán, ọrùn ta ni yóò wà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ ọmọlangidi náà ní Ìyàwó Ọ̀gá. Wọ́n ní irú ìyàwó wo nìyí, tí ọkọ tì mọ́lé, tó fi ọ̀rá wé, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí. Ẹ mọ ọmọ yín, Mùfútàù ni olórí ẹlẹ́fẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ tì í, yóò ní ìyàwó wa, ẹ kú ooru o, ṣé ọkọ yín ti jẹ́ kí ẹ jẹun lónìí. Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá Ọ̀gá fa ọ̀rọ̀ náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní bí mo bá tún yọ òun lẹ́nu, òun kò ní gbé e jáde mọ́, kí a lọ máa fi pílò kọ́ṣẹ́. Mo rò ó títí, mo ní díẹ̀ sàn ju àìsí lọ. Bàbá mi, ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo mọ ohun tó tọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n ṣe é jẹ́ẹ́, kí Ọ̀gá má baà gbà á lọ́wọ́ wa. Mo ń fi ẹnu sọ ínǹṣì méjì, mo sì ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn máa ṣe bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ológbò lórí. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí àlejò láti sẹkitéríàtì bá dé nìkan ni Ọ̀gá máa ń ṣí ọ̀rá apá orí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì kan náà tí wọ́n gbé ẹran díndín àti ọtí lé. Àlejò kan tí ikùn rẹ̀ ń yọjú láàrin bọ́tìnnì pe ayàwòrán, ó fẹnu ko ọmọlangidi náà lẹ́nu fún fọ́tò, òróró ẹran ṣì ń dán létè rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn kò nu ẹnu rẹ̀, wọ́n dá ọ̀rá padà bò ó, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ooru àti ọ̀rinrin kò rí ibi gbà jáde. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, òórùn tó jáde lé mi sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ti bu bí búrẹ́dì àgbàgbé, ohun funfun kan bí òwú ti kún ọ̀fun rẹ̀, omi dúdú sì dúró sísàlẹ̀ ọrùn. Ẹnu yẹn ni àwọn ọmọ mi ì bá gbé ẹnu lé. Mo ti fọ egbò tó ń rà, mo ti gbé òkú ọjọ́ mẹ́ta, n kò bì rí. Ọjọ́ yẹn, mo lọ bì sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo fi spírítì fọ̀ ọ́ tán, Ọ̀gá wá wò ó, ó ní kí n má fi nǹkan ọsibítù pa àwọ̀ rẹ̀ dà.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé góńgó, Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sán gangan. A ti rán Mùfútàù lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà, kó lọ máa fojú rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Òjò ti jò wọ inú ilé náà. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Làmídì, ọmọ Ìwó, fọwọ́ kan ẹ̀rọ, iná gbé e, ó jù ú sílẹ̀. Wọ́n pa iná. Mùfútàù sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun gbogbo tí mo kọ́ ọ ló ṣe, ó sì ṣe wọ́n bí mo ṣe tò wọ́n. Ó tẹ́tí sí èémí, kò sí. Ó fọwọ́ wá ìlù ọkàn lọ́rùn, kò sí. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Wọ́n tẹ̀ wá láago, èmi àti áńbúláǹsì sì dé ibẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ọwọ́ àbúrò mi. Ó ń tẹ àyà ọkùnrin náà bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ tí kò fẹ́ kó rún. Ó ń ka iye rẹ̀ sókè, kò ṣì í, kò sinmi, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Àyà Làmídì kò sì wọlé tó ìdajì ínǹṣì. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kúnlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Mo gbọ́ tí egungun ìhà kan kán. N kò dáwọ́ dúró títí a fi dé ọsibítù. Làmídì kò jí.

Iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè láti sọ ohun tí n kò mọ̀. N kò lè búra pé ì bá yè ká ní wọ́n tẹ àyà rẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná a máa pa èèyàn nígbà tí a bá tiẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ láṣepé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí a kọ́ láti ràn án lọ́wọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ tì í. Mo lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní Àpákùn, níbi tó ti ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfúrufú. Ó gbé àga fún mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi àti àbúrò mi pé a gbìyànjú. Ọpẹ́ yẹn ló rí mi lára jù, ó ju ẹnu tó bu lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Làmídì kú, Mùfútàù wá bá mi nílé. Kò jẹun. Ó ní Àǹtí, kí ni mo ṣe tí kò dáa. Mo ní kò tẹ̀ ẹ́ tó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní ṣebí bí ẹ ṣe ní ká máa ṣe é nìyẹn. Ó ní ẹ̀rù tiẹ̀ ń ba òun kí òun má baà ṣe ọkùnrin náà léṣe, kí wọ́n má baà ní òun ba ara ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ọjọ́ ọkùnrin náà ló pé, kò sí bí a ṣe lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ọmọlangidi kankan wà ní ilé iṣẹ́ náà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní ìyẹn náà dáa. Ó wá fa ìwé kan jáde, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ méjìlélógún ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí i pé gbogbo wọn ti mọ iṣẹ́, nítorí kọmíṣánnà yóò wá pín ìwé ẹ̀rí fún wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé wọ́n ti sanwó àga àti àtíbàbà. Ìwé yẹn náà ni ẹ ń bẹ̀ mí lé lórí.

Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo mọ̀ tí ẹ tú aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ yín fi ọjọ́ mẹ́sàn-án hun, nítorí fọ́nrán kan tó fò. Bàbá ọmọ náà gbé àkùkọ wá bẹ̀ yín. Ẹ ní kó gbé àkùkọ rẹ̀ padà, pé aṣọ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Aṣọ nìyẹn o. Aṣọ tó bá já, wọ́n á rán an. Kí wá ni ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ sí?

N kò fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Ọ̀gá gbé ọmọlangidi kan jáde bí ìṣe rẹ̀, mo fi abẹ ya ọ̀rá náà láti orí dé ẹsẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ní Sístà, ṣé orí yín pé. Mo ní kó fún mi ní mẹ́ta yòókù. Nígbà tó kọ̀, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní gbogbo àlejò tó bá wá kí i ni n óò máa sọ fún nípa Làmídì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ju kọ́kọ́rọ́ sórí ẹsẹ̀ mi.

A fi gbogbo àkókò tó kù kọ́ ọ lákọ̀tun. Ó ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí rọrùn láti kọ́ ju ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí kò dáa. Èjìká wọn á lọ sísàlẹ̀ dáadáa, ọwọ́ á dúró lágbede méjì, bí ẹni pé Ọ̀gá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Irin àyà ọmọlangidi kan kán. Ọ̀gá kọ̀wé sí mi kí n wí tẹnu mi lórí ẹni tó ba ohun ìjọba jẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé èmi ni, pé iṣẹ́ ló bà á jẹ́, pé kí wọ́n ra òmíràn. Wọn kò tíì sọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlógún ló mọ̀ ọ́n níkẹyìn, mo sì fọwọ́ sí ìwé tiwọn. Mùfútàù kò sí nínú wọn. Láti ọjọ́ Làmídì, tó bá ti fọwọ́ kan àyà ọmọlangidi, á fa ọwọ́ sẹ́yìn kó tó dún kẹ́.

Ọ̀gá wá ẹlòmíràn tó fọwọ́ sí ti àwọn mẹ́fà yòókù. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ pín ìwé ẹ̀rí pé, kọmíṣánnà dé tòun ti àwọn sójà rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Wọ́n pe Mùfútàù. Kò dìde. Wọ́n tún pè é. Ẹni tó jókòó tì í fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ó ní ṣé etí rẹ di ni, wọ́n ń fún ọ ní ìwé, ìwọ ń wo ilẹ̀. Ó wá dìde, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò tíì mọ̀ ọ́n. Kò gbé ohùn sókè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ló tún gbé dé. Ó jókòó. Wọ́n bọ́ sórí orúkọ tó kàn.

N kò rán an ní iṣẹ́ yẹn. Ohun tó ti inú ara rẹ̀ wá ni. Ní báyìí, ó ń jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, àwọn tí òun fi ọdún mẹ́rin márùn-ún jù lọ, ó sì máa ń dé kí wọ́n tó dé. Lánàá, ó tẹ àyà ọmọlangidi náà lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ó dún kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kò tíì tó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé kò tíì tó, kí n tó la ẹnu.

Nítorí náà, Bàbá mi, ẹ má ránṣẹ́ nítorí rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí yóò bá dún lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, n óò fọwọ́ sí i láìsí ẹni tó bẹ̀ mí. Bí ó bá wálé fún Iléyá, kò ní mú ìwé kankan bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó lọ sí Èkó, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ pè é jókòó tì yín, kí ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, kí ojú yín má ṣe bàìbàì, kí ọwọ́ yín má ṣe gbọ̀n. Yóò bá ìyàwó Làmídì wo ọmọ rẹ̀ dàgbà. Yóò sì bá gbogbo òbí tó ka ìwé yìí wo tiwọn. Ẹ bá mi kí ìyá mi, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ nídìí òfì. Kúdírátù ní kí n kí bàbá àgbà rẹ̀. Mùfútàù náà kí yín, ó ní òun yóò fẹnu ara òun sọ ìyókù fún yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Rábíátù